Mówà oníjòkòó tí kò lágbára mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gíá háídírò

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lápá Kabba, Ìjùmú, Yàgbà àti Mopa, tí koríko sì yọrí, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń tọ́jú pápá ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ọgbà ilé ìwòsàn máa ń gbé wá: ẹ́ńjìnnì ń dún, abẹ ń yí, ṣùgbọ́n mówà oníjòkòó, ìyẹn ẹ̀rọ tí à ń jókòó lé gé koríko, kò rìn bó ṣe yẹ. Ìdáhùn rèé, láti orí èyí tó rọrùn.

Kí ni háídírò gan-an?

Gíá tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà ni. Bẹ́líìtì kan ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ yí púlì tó wà lórí gíá. Púlì yẹn ló ń yí pọ́ǹpù tó wà nínú gíá. Pọ́ǹpù ní àwọn písítìnì kéékèèké tó ń ti ọ́ìlì lọ bá mọ́tò kan nínú àpótí irin kan náà, mọ́tò á yí eyín gíá, eyín gíá á yí ọ̀pá táyà.

Pẹ́dà tí ẹ ń tẹ̀ kò kan ẹ́ńjìnnì rárá. Àwo irin kan nínú pọ́ǹpù ló ń dà sí ẹ̀gbẹ́. Tí àwo náà bá tẹ́jú, písítìnì kò ti nǹkan kan, mówà dúró. Tí ó bá dà síwájú, ọ́ìlì á ṣàn, mówà á rìn. Tí ó bá dà sẹ́yìn, ọ́ìlì á gba ọ̀nà kejì, mówà á padà sẹ́yìn. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì tó lè jẹ, kò sì sí pé à ń ti gíá kìíní bọ́ sí ìkejì. Ọwọ́ ohun méjì ni gbogbo agbára rẹ̀ wà: bí ọ́ìlì ṣe ki tó, àti bí irin inú rẹ̀ ṣe fara mọ́ra tó. Àlàfo tí ojú kò lè rí láàárín irin méjì ti tó láti jẹ́ kí ọ́ìlì máa sá padà sẹ́yìn dípò kó ṣiṣẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé háídírò ni tèmi?

Tí ẹ bá lè yí ìyára padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́, láìdúró, láìti gíá, háídírò ni. Èyí tó ní nọ́ńbà 1 sí 5 tàbí 6, tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, onígíá lásán ni. Ojú ewé yìí kò kàn án.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó wọ abẹ́ rẹ̀?

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ sì yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì kúrò pátápátá. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà iwájú. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀yìn sókè, jáàkì nìkan kò tó. Ẹ fi irin ìdúró tàbí igi ńlá gbé e ró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì máa ń fọ́ lójijì, ẹ má fi ẹ̀mí yín lé e lórí. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé koríko tán, ẹ jẹ́ kí gíá tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ọ́ìlì inú rẹ̀ lè bó ọwọ́.

Ẹ́ńjìnnì ń dún, ṣùgbọ́n mówà kò rìn rárá. Ṣé gíá ti kú nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó má kú rárá. Irin kékeré kan wà lẹ́yìn mówà, lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, tí a máa ń fà síta kí ọwọ́ lè ti ẹ̀rọ náà láìtan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní irin ìtúgíá. Tí ó bá wà níta, ọ̀nà ọ́ìlì ti ṣí sílẹ̀, agbára kankan kò lè dé táyà. Ẹni tó ti mówà wọ ilé ní ìparí òjò lè gbàgbé rẹ̀ níta, kí ẹlòmíràn tó wá tan ẹ̀rọ ní oṣù kẹrin sì pariwo pé gíá bàjẹ́. Èyí tó tún burú ni pé kó wọlé ní ìdajì: mówà á rìn, ṣùgbọ́n kò ní lágbára, yóò sì máa gbóná. Ẹ tì í wọlé tán pátápátá, kí ẹ sì wò ó pé ìpẹtà kò mú un dúró lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ bẹ́líìtì wò. Ó lè ti já, ó sì lè ti fò kúrò lórí púlì. Lẹ́yìn bẹ́líìtì, ẹ wo kíì tó wà láàárín ọ̀pá táyà àti táyà fúnra rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń so méjèèjì pọ̀. Tí kíì bá gé, ọ̀pá á máa yí nínú táyà, táyà á dúró gbagidi. Ẹni tí kò yọ fìlà àárín táyà láti wò ó lè tú odindi gíá nítorí irin tí kò ju ìka ọmọdé lọ.

Ó ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gun òkè mọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Etí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe sípánà. Ẹ gùn ún lọ sí ibi tó gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ẹ pa abẹ, ẹ fún un ní iná dáadáa, kí ẹ sì gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń rẹlẹ̀ bí mówà ṣe ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì ló rẹ̀, tàbí búrẹ́ẹ̀kì ló ń dì í mú. Ẹ lọ wo káábúrétọ̀, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́, ẹ wo pẹtiróò tó ti wà nínú táǹkì láti ìgbà ọyẹ́. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò bá yí padà, tí táyà nìkan ń lọ́ra, agbára ń sọnù lójú ọ̀nà: lórí bẹ́líìtì tàbí nínú ọ́ìlì.

Láti ya bẹ́líìtì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì, ẹ wá ẹnìkejì. Fáànù kékeré kan wà lórí gíá, púlì kan náà ló ń yí òun náà. Kí ẹnìkejì dúró jìnnà ní ẹ̀gbẹ́, kí abẹ wà ní pípa, kí ó máa wo fáànù yẹn nígbà tí ẹ̀yin bá fi imú mówà ti igi ńlá kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Tí fáànù bá falẹ̀ tàbí dúró, bẹ́líìtì ń yọ̀. Tí fáànù bá ń yí gbirigbiri, tí táyà dúró, inú gíá ni ọ́ìlì ti ń sá. Háídírò tó dá ṣáṣá máa ń jẹ́ kí táyà yí lórí koríko kó tó gbà pé òun kò lè lọ.

Ìdánwò kejì ni ti ìgbóná. Ẹ gun òkè kan náà láàárọ̀ kí ẹ tó gé nǹkan kan, kí ẹ sì tún gùn ún lẹ́yìn ìdajì wákàtí iṣẹ́. Tí kò bá lágbára nígbà méjèèjì bákan náà, òde gíá ni kí ẹ ti wá àìsàn rẹ̀. Tí ó bá lágbára láàárọ̀, tó sì rọ lẹ́yìn tó gbóná, ọ́ìlì ti ṣàn jù: ó ti gbó, tàbí gíá kò rí afẹ́fẹ́ tútù, tàbí irin inú rẹ̀ ti jẹ. Lójú tèmi, ẹni tó bá ṣe ìdánwò méjì yìí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, ẹni tí kò ṣe wọ́n kàn ń náwó ni.

Àmì wo ni bẹ́líìtì tó ti gbó máa ń fi hàn?

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń dán, ó máa ń sán, ó sì lè máa dún fíín nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà. Òórùn rọ́bà tó jóná náà jẹ́ àmì. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tuntun náà lè yọ̀. Púlì kan wà tí sípíríǹgì ń fà kí bẹ́líìtì lè le. Tí sípíríǹgì yẹn bá ti gùn jù, tí irin tó gbé púlì náà bá ti dípẹtà tí kò yí mọ́, tàbí tí béárìnnì rẹ̀ ti kú, ẹ lè ra bẹ́líìtì mẹ́ta kò ní yanjú. Ẹ fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Èyí tó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ, ẹ pààrọ̀ béárìnnì rẹ̀.

Ṣé mo lè fi bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọgàrí sí i?

Ó máa rìn, kò ní pẹ́. Bẹ́líìtì mówà ní okùn tó le nínú, nítorí pé púlì ìfàle kan máa ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọ kì í sábà rí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ náà lè má bá púlì mu: tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ á kan ìsàlẹ̀ púlì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní rí nǹkan gbá mú, á sì máa yọ̀. Bí ọjà bá ń dúró dè yín lónìí, ẹ lò ó láti parí pápá, kí ẹ sì pàṣẹ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára bẹ́líìtì àtijọ́ ni kí ẹ fi ra òmíràn, ẹ má fi okùn wọn ọ́n, nítorí èyí tó ti gbó ti gùn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Kí ni eruku ní í ṣe pẹ̀lú agbára?

Púpọ̀. Ìgbóná ló ń pa háídírò ju ọjọ́ orí lọ. Ara gíá ní àwọn ihà irin tó yọ síta kí afẹ́fẹ́ fáànù lè gba àárín wọn kọjá. Ní ìwọ̀ oòrùn Kogi, eruku ọyẹ́ á kọ́kọ́ bò wọ́n, ọ́ìlì tó ń jò díẹ̀ á lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn, nígbà tí òjò bá sì dé, koríko tútù á gẹ̀gẹ̀ lé e lórí. Gíá yẹn ti wọ ẹ̀wù òtútù nínú oòrùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ họ ọ́, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe da omi líle lù ú nígbà tó gbóná, síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú gíá) kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, omi sì lè gba orí ọ̀pá púlì wọlé.

Ẹ ka àwọn apá fáànù náà. Ike ni fáànù wọ̀nyí sábà jẹ́, òkúta kékeré kan ti tó láti gé méjì lára wọn. Fáànù tó ti dá kì í pariwo, ó kàn máa ń jẹ́ kí gíá sè díẹ̀díẹ̀.

Mo tẹ pẹ́dà dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ìyára rẹ̀ kò pé.

Ẹ wo irin tó so pẹ́dà mọ́ gíá. Tí orí rẹ̀ bá ti jẹ, tàbí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tú, pẹ́dà á dé ìsàlẹ̀ nígbà tí apá gíá kò tíì dé òpin. Kí ẹnìkan tẹ pẹ́dà nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ẹ sì wò ó bóyá apá náà ṣì lè lọ síwájú sí i. Tí ó bá lè lọ, ẹ tún gígùn irin náà ṣe. Irin yìí kan náà ló fà á tí mówà kan fi máa ń rá lọ nígbà tí ẹ kò tẹ nǹkan kan.

Búrẹ́ẹ̀kì náà wà níbẹ̀. Tí irin búrẹ́ẹ̀kì kò bá padà tán, ẹ ń gé koríko pẹ̀lú búrẹ́ẹ̀kì ní títẹ̀.

Wọ́n ní ọ́ìlì háídírò mi kì í ṣeé pààrọ̀. Òótọ́ ni?

Ohun tí ìwé rẹ̀ sọ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò sí ọ́ìlì tí kì í gbó. Ẹ jẹ́ ká mú gíá háídírò kan tó ń jẹ́ Tuff Torq K46, tó wà lára ọ̀pọ̀ mówà kékeré tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé. Kò ní ihò ìdasílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ máa ní láti tú gíá náà kúrò lára mówà, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ títí ọ́ìlì á fi kán tán, kí ẹ sì da tuntun gba ihò tó wà lókè. Ọ́ìlì tó ń gbà jẹ́ bíi lítà méjì. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni fún ẹni tó mọwọ́ rẹ̀, ó sì lè dá agbára padà fún gíá tí irin rẹ̀ kò tíì jẹ.

Àwọn mówà zero turn ńlá, èyí tó lè yí po lójú kan, yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní fílítà tiwọn àti táǹkì kékeré tí ẹ ti lè rí ibi tí ọ́ìlì dé. Tiwọn, pípààrọ̀ jẹ́ dandan. Fún àwọn gíá Hydro-Gear kan, wákàtí 75 ni ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà, wákàtí 400, 400.

Ẹ wo ọ́ìlì tó jáde dáadáa. Tí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Tí ó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ìgbóná ti pa á. Tí ó bá ń dán yẹ̀rìyẹ̀rì nínú oòrùn, irin ló ń lọ̀ yẹn, ẹ sáré lọ ka ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Ọ́ìlì wo ni kí n rà?

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára gíá tàbí sínú ìwé mówà. Ọ̀pọ̀ Hydro-Gear ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50, èyí kò sì wọ́n ní ilé epo wa. Tuff Torq ń ta 5W-50 síńtẹ́tíìkì fún tirẹ̀. Ọ́ìlì pupa tí a ń dà sí gíá ọkọ̀ ọtomátíìkì ṣàn jù fún gíá méjèèjì, ẹ má dà á sí i. Ẹ ra èyí tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí: ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n nínú jẹ́rí lẹ́bàá ọ̀nà lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rí.

Mo pààrọ̀ ọ́ìlì tán, ó tún wá burú sí i.

Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù kò lè fi afẹ́fẹ́ ti táyà. Ẹ gbé ẹ̀yìn mówà sókè kí táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí ó dúró ṣinṣin. Ẹ fa irin ìtúgíá síta, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí iná rẹ̀ kéré, kí ẹ sì máa tẹ pẹ́dà síwájú àti sẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ pa á, ẹ ti irin wọlé, ẹ tàn án, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ ọ́ìlì wò, yóò ti lọ sílẹ̀, ẹ fi kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ wà á lọ wà á bọ̀ láìgé nǹkan kan.

Tí ó bá ṣì ń fò tàbí ń hu, ẹ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ gíá máa ń fẹ́ ẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹni tó bá kánjú níbí ló máa ń sọ pé ọ́ìlì tuntun ba gíá òun jẹ́.

Táyà kan ń yí nínú ẹrẹ̀, èkejì dúró. Ṣé ó bàjẹ́ ni?

Rárá. Táyà tí ilẹ̀ kò bá dì mú ló máa ń gba agbára, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ dá a wò, ẹ gbé táyà méjèèjì sókè, ẹ ti irin ìtúgíá wọlé, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀kan. Èkejì yẹ kó yí sí òdì kejì. Tí kò bá yí rárá, kíì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Zero turn mi ń fà sí apá kan.

Lára zero turn, táyà ọ̀tún ní pọ́ǹpù àti mọ́tò tirẹ̀, ti òsì náà ní tirẹ̀. Bẹ́líìtì kan ló sábà ń yí méjèèjì, nítorí náà, tí apá kan ṣoṣo bá rọ, ẹ fi ẹ̀sùn bẹ́líìtì sílẹ̀ ná. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ wo irin ìtúgíá apá yẹn, kí ẹ wo irin tó so ọwọ́ ìwakọ̀ mọ́ ọn. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, tí apá náà sì ń rọ nìkan nígbà tó gbóná, gíá apá yẹn ló ń rẹ̀.

Ṣé mo lè so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ọn láti fi gbé omi?

Ewé àti koríko, kò burú. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá gun òkè Ògìdì, ẹ má dán an wò pẹ̀lú gíá kékeré. A kò ṣe K46 àti irú rẹ̀ fún fífa ẹrù wúwo. Ẹ má sì fi ọkọ̀ wọ́ mówà lọ sí ọ̀nà jíjìn, àní tí irin ìtúgíá bá wà níta: ẹ gbé e sínú ọkọ̀.

Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀. Báwo ni mo ṣe máa dán an wò?

Ẹni tó ń tà á máa ń tàn án fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀rọ tútù sì máa ń purọ́. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gùn ún fún ìdajì wákàtí, kí ẹ tó gùn ún lórí ibi tó gẹ̀rẹ́, níwájú àti lẹ́yìn. Tí ẹni náà bá ní pẹtiróò ti tán, ẹ ra pẹtiróò fún un. Tí ó bá tún ní àwáwí mìíràn, ẹ máa lọ sílé.

Gbogbo ohun tó wà lóde ti pé, ọ́ìlì jẹ́ tuntun, síbẹ̀ ó ń rọ tó bá gbóná. Ṣé kí n tú gíá ni, àbí kí n ra òmíràn?

Irin inú rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Ibi tó sábà máa ń jẹ ni ojú tí àgbá písítìnì (irin tí àwọn písítìnì wà nínú rẹ̀) ń yí lé, àti irin àárín tí ọ̀nà ọ́ìlì gba inú rẹ̀. Tí ẹ bá tú u, ẹ fi èékánná fa ojú méjèèjì. Tí èékánná bá kọ́ mọ́ ilà kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi sáńdípépà họ ọ́ láé. Ojú náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú ju bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè tẹ́ ẹ lọ, sáńdípépà á fún ọ́ìlì ní ọ̀nà tuntun tó lè sá gbà.

Ẹ̀yà àtúnṣe wà fún K46 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti òkèèrè ni wọ́n sì máa ń gbé e wá. Ẹ ṣírò owó rẹ̀ àti owó ìgbéwọlé, kí ẹ fi wé odindi gíá, kí ẹ tó tú síkúrù kan. Tí eyín gíá bá ti fọ́, tàbí tí irin bá ti gé àpótí lára, odindi ló dára jù. Tí ojú àgbá àti irin àárín nìkan bá jẹ, àtúnṣe tọ́ sí i.

Ní ti ẹni tó máa ṣe é, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lè ṣe gbogbo ohun tó wà lóde. Inú gíá, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún kàtápílà ṣe lójú ọ̀nà Ọbájànà sí Lọ́kọ́ja, ọ́ìlì tó ń ti irin kì í ṣe tuntun lójú tiwọn. Ẹ má tú u níta nígbà ọyẹ́. Ẹ ya fọ́tò bí ẹ ṣe ń yọ nǹkan kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ títí kan mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ àpótí, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ péré dí ojú àpótí, nítorí èyí tó bá yọ sínú lè lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde bí a ṣe sọ lókè, kí ẹ sì wà á fún ìdajì wákàtí láìgé koríko kí ẹ tó tún yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò.